Epo Pupa Lára Ìbọn Bàbá Mi

Ọjọ́ tí ayé wa dàrú, ẹ̀rọ ìlagẹdú ló kọ́kọ́ dákẹ́. Nínú igbó lẹ́yìn ìlú Ọ̀rẹ̀ ni sọ́míìlì náà wà, a sì ti bá ariwo rẹ̀ gbé pẹ́ débi pé ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kódà nínú ilé ìjọsìn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́, mo sì gbọ́ ohùn ẹyẹ lọ́sàn-án gangan fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo gbójú sókè kí n lè mọ irú ẹyẹ tó jẹ́. Ibẹ̀ ni mo wà tí nǹkan kan fi dún gbìì lápá ibi tí afárá wà, tí ilẹ̀ sì mì lábẹ́ ìdí mi. Bàbá mi sáré jáde láti ilé ẹrù.

Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹ má kó ju ohun tí ẹ lè gbé sáré lọ."

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n bí sí Manchester máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" bí bọ́ọ̀sì bá kún ní Princess Road tàbí bí ẹ bá ń du itan adìyẹ mọ́ ara yín lọ́wọ́. Ẹ máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi wà níbẹ̀. N ò fẹ́ ba ẹ̀rín yín jẹ́ o, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí èmi fúnra mi ò mọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógójì. Ramsbottom ni mo ti wá mọ̀ ọ́n, lọ́wọ́ òyìnbó arúgbó kan tí kò dé ilẹ̀ Áfíríkà rí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ìléwọ́ kan ni. Bàbá mi ló ń tọ́jú ilé ẹrù ní sọ́míìlì, ìbàdí rẹ̀ ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà. Nígbà tí ìròyìn ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í le, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn kó lọ sí Èkó. Kó tó lọ, ó fa ìbọn náà lé bàbá mi lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí òun yóò fi dé. Ẹni tó mọ bàbá mi yóò mọ̀ pé bí o bá ní kó bá ọ mú abẹ́rẹ́ dání, títí o ó fi dé ni yóò mú un dání. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, á tẹ́ àpò sórí tábìlì, á pè mí kí n wá bá òun di aṣọ mú.

Ọ̀fíntótó ni mí láti kékeré. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé òkú kọjá, òkú náà ni màá bi ní ohun tó pa á. Ìbọn tí mo mọ̀ rí ni ṣakabùlà bàbá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú, tó gùn jù mí lọ. Eléyìí kúrú, ó wúwo, ọrùn rẹ̀ sì ń ṣẹ́. Bàbá mi á fi àtàǹpàkò tẹ irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ìbọn á doríkodò bí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ihò mẹ́fà á ṣí sílẹ̀ lójú wa. Irin kan á yọ sókè láàárín ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, á ti gbogbo ọta jáde pọ̀. Bàbá mi á kà wọ́n, á tò wọ́n sórí àpò. Á wá mú aṣọ tí mo ti fi òróró inú ìgò kékeré tí òyìnbó fi sílẹ̀ tọ́, á fi nu gbogbo ara rẹ̀. Òróró náà ṣàn bí omi. Bó bá ṣe tán, á gbé ọrùn ìbọn padà, irin ẹ̀yìn yẹn á gbá a mú, á sì dún.

Á ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o gbọ́? Bí kò bá dún báyìí, kò tíì sé. Bí kò bá tíì sé, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

Ọjọ́ Ajé ni a wọ igbó. Èmi, bàbá mi, ìyá mi, àti Délé àbúrò mi tó wà lẹ́yìn ìyá mi. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ, ṣùgbọ́n àwa tí ẹsẹ̀ wa pé ti gbọ́ nípa tiwa fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò kúrò, torí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù wà lọ́wọ́ bàbá mi, kò sì rí ẹni tí yóò fà á lé lọ́wọ́. Ìyá mi gbé iyọ̀, ìgò epo pupa kan, aṣọ ọmọ, àti àpò gàrí méjì. Inú àpò kejì ni bàbá mi ki ìbọn náà bọ̀. Òróró ìbọn wà lórí fèrèsé nílé, níbi tí èmi fúnra mi gbé e sí. Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀.

Ariwo ogun kì í dún látàárọ̀ dalẹ́. Àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ bí òjò bá dé, òjò á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, mo ti mọ èyí tó jìnnà yàtọ̀ sí èyí tó súnmọ́. Èyí tó jìnnà, inú àyà ni èèyàn ti ń gbọ́ ọ. Èyí tó súnmọ́, ewé á kọ́kọ́ já bọ́ lórí igi ná, kí ìró rẹ̀ tó dé. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bí ẹni tó rí nǹkan iyebíye. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Ọjọ́ kẹrin ni àpò gàrí kìíní tán. A fi òkúta fọ́ ẹ̀kùrọ́ jẹ. A mu omi inú ewé. Délé kọ́kọ́ ń sunkún, ìyá mi sì ń fi ọmú dí i lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, Délé ò sunkún mọ́, ìyẹn sì ba ìyá mi lẹ́rù ju ìbọn lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo fi ìka ka ọjọ́, mo rí i pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìyá mi ti lọ wá omi. Bàbá mi ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìró, kò mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ilẹ̀ ṣú. Mo fa ìbọn náà yọ nínú àpò gàrí. Òjò ti pa á, ìpẹtà ti ń mú un lẹ́nu àti lọ́rùn. Mo rò ó pé bí òyìnbó bá dé tó bá a báyìí, ojú á ti bàbá mi. Mo wá rántí ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú. Bí àdá bá fẹ́ dípẹtà, epo pupa ló ń fi pa á. Bí ìlẹ̀kùn bá ń han, epo. Bí ṣakabùlà bá gbẹ, epo náà ni. Gbogbo wa la gbà pé epo ni ẹ̀rọ̀.

Mo ṣẹ́ ọrùn ìbọn náà bí bàbá mi ti ń ṣe. Mo yọ ọta, mo kà á, ó pé mẹ́fà. Mo ta epo sí ihò kọ̀ọ̀kan, mo ta á sí ọrùn rẹ̀, mo ta á sí irin ẹ̀yìn. Gàrí tó ti wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ibẹ̀, n ò wulẹ̀ yọ ọ́, epo bá a níbẹ̀, ó pò ó pọ̀. Mo fi etí aṣọ mi nu ìta rẹ̀ títí ó fi ń dán. Mo dá ọta padà, mo gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Kò dún. Mo fi agbára tì í, ó sún díẹ̀ sí i, kò dún náà ni. Mo sọ fún ara mi pé ìlẹ̀kùn tó bá ti mu epo kì í han mọ́. Mo yọ̀. Mo dá a padà sínú àpò.

Kùtù òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù mú. Ibà ti fi bàbá mi sílẹ̀ díẹ̀, ó jókòó, ó fẹ̀yìn ti igi. A gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ewé, ọkùnrin kan sì já sí iwájú wa lójijì, ó wọ aṣọ ológun, ohun gígùn kan wà léjìká rẹ̀. Bàbá mi dìde, ó sì fa ìbọn yọ nínú àpò, gàrí tú ká sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Èjìká rẹ̀ ni mò ń wò, n ò rí ọwọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ ìró kan. Ó kúrú. Irin ló kan irin.

Ohun tó wà léjìká ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀pá ni. Ó wólẹ̀ sórí orúnkún rẹ̀, mo sì rí i pé ọmọdé ni, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wọ̀.

Ó ní, "Papa, abeg. I no get gun. Na stick. Papa, abeg."

Bàbá mi ò mira. Ó pẹ́ tó fi na ìbọn náà sí i. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀ gbì. Ó sọ fún ìyá mi, láìwo ẹnì kankan, "Bu gàrí fún un."

Ìyá mi ní, "Bàbá Àṣàkẹ́, èyí tó kù nìyí."

"Bù ú fún un."

Ọmọ náà ní Sunday lorúkọ òun. Ó jẹ gàrí náà gbígbẹ, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó sọ fún wa pé afárá tí à ń lọ ti wó, pé àwọn tó dira ogun dùbúlẹ̀ sí bèbè rẹ̀, ohunkóhun tó bá mira ni wọ́n ń yìnbọn fún. Ó mú wa lọ sí ibi kan tí gẹdú ńlá méjì ti dábùú odò, ó fà wá kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé Délé fúnra rẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní, n ò mọ̀ bóyá ó délé.

Kí a tó sọdá, bàbá mi yà sẹ́yìn igi kan, mo sì tẹ̀ lé e, torí ojú mi kì í gbélé. Ó ṣẹ́ ọrùn ìbọn náà. Epo dì mọ́ gbogbo ihò rẹ̀, ó pọ́n, gàrí kún inú rẹ̀. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó wo ìgò epo tó wà lọ́wọ́ ìyá mi lọ́hùn-ún. Mo ti dijú, mo ń retí ìgbátí. Títí di òní mo ṣì ń retí rẹ̀. Ó rìn lọ sétí odò, ó ju ọta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sómi, ó sì ju ìbọn náà tẹ̀ lé e, bàbá mi tí kì í sọ abẹ́rẹ́ alábẹ́rẹ́ nù.

A dé Ìjẹ̀bú. Ogun parí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi jẹ́rìí. Ó ní, "Mo na ìbọn sí i, àánú ṣe mí, n ò fà á." Ìjọ hó yèè. Lẹ́ẹ̀mejì péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹlòmíì ló ń bá a sọ ọ́, wọ́n sì fi í jẹ Bàbá Ìjọ nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń sọ ọ́, ilẹ̀ ló máa ń wò. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tó máa ń ṣe. Nígbà tí mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́, ó fi ìgò epo pupa kan sínú ẹrù mi. Ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ìgò epo. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí mo bí, ìgò epo. Lọ́dún 2001 tí mo ń bọ̀ nílùú yìí, ó ti darúgbó, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ wá sí ìdí ọkọ̀, ó gbé ìgò náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Àṣàkẹ́, má jẹ́ kó tán." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló ń sọ. Ọdún kejì ló kú.

Àmọ́ láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ìbéèrè kan ti wà nínú mi bí ẹgún ẹja. Kí ni mo gbọ́? Mo mọ̀ pé mo gbọ́ ìró kan. Àánú kì í dún. N ò lè bi bàbá mi, torí bí mo bá bi í, ọ̀rọ̀ epo á jáde. Ó sì kú.

Lọ́dún 2010, Moss Side ni mò ń gbé, iṣẹ́ care ni mò ń ṣe. Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ Mista Alan ní Ramsbottom, láti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀, mò ń sùn síbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ló ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó bi mí pé kí ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbọ́n, ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. A mọwọ́ ara wa.

Ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun gbé àpótí kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní kí n ṣí i. Mo ṣí i. Inú bébà rírọ̀ ló wà, ó dúdú, ó kúrú, ó wúwo. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àtàǹpàkò mi ti tẹ irin ẹ̀yìn, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, mo ti ń ka ihò. Mẹ́fà. Òfìfo ni gbogbo wọn.

Mista Alan ní, "Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

Mo ní, "Bàbá mi ni, sà." Mo wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ láìtọrọ àyè.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ín. Mo pe Bísí ọmọ mi lórí fóònù, ó fi igbe ta: "Mummy! Ẹ ò lè máa touch gun nílé client! Wọ́n máa sack yín, I swear down. Ẹ call office now, ẹ jọ̀ọ́." Mo pe ọ́fíìsì. Mista Alan ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọlọ́pàá kan tó mọ̀ nípa ìbọn àtijọ́ wá, ó fi awò wo gbogbo ara rẹ̀, ó fi adé kékeré kan tí wọ́n fín sára irin rẹ̀ hàn mí, àmì pé wọ́n ti dán an wò kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ó wọn ihò rẹ̀. Ó ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọn ò ṣe irú ọta rẹ̀ mọ́, bàbá lè fi í pamọ́ bí ohun ìrántí, bí ọta kankan ò bá ti sí nínú ilé. Ó bá tirẹ̀ lọ. Mista Alan ní kí n po tíì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti dárí jì mí.

Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n ò lè tọ́jú ìbọn náà mọ́, ó ní kí n máa ṣe é, òun á máa wò mí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo rí ìpẹtà lẹ́nu rẹ̀, mo mú kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ tí mo fi ń fọ ìkòkò. Bàbá náà ké débi pé díẹ̀ ló kù kí n ju ìbọn sínú abọ́ omi.

"Má ṣe! Àwọ̀ dúdú yẹn ni ọjọ́ orí rẹ̀. Bí o bá bó o, kò tún ní padà mọ́ láé!"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, nílé wa, ohun tó bá ń dán ni wọ́n ń pè ní mímọ́."

Ó kọ́ mi. Kí n wọ ìbọ̀wọ́ òwú, torí òógùn ọwọ́ ń jẹ irin. Ẹ̀kán òróró kan ṣoṣo, irú èyí tó ṣàn bí omi, kí n sì tún nu èyí tó pọ̀ jù kúrò. Kí n má fi sínú àpò awọ, torí awọ ń fa ọ̀rinrin mọ́ra. Bí mo bá fẹ́ sé ọrùn rẹ̀, kí n fọwọ́ gbé e, kí n má jù ú. Ó sì kìlọ̀ fún mi gidi pé kí n má ṣe fà á lófìfo láé, torí ẹnu òòlù rẹ̀, irin kékeré tó ń lu ìdí ọta, lè kán. Mo ń gbọ́ bàbá mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ epo fún un. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí ni wọ́n ń pè ní epo pupa?

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìgò kan dání. Ìgbà òtútù ńlá yẹn ni, yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé ìgboro, tíráàmù dé Bury, bọ́ọ̀sì tún dé Ramsbottom. Nígbà tí mo fi débẹ̀, epo ti dì. Mista Alan gba ìgò náà, ó dorí rẹ̀ kodò. Kò ṣàn. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Èyí lo fi sínú rẹ̀? Pẹ̀lú ìyẹ̀fun?"

"Gàrí ni, sà."

"Ṣé ó dún nígbà tí o sé e?"

Mo ní kò dún.

Ó mú ìbọn tirẹ̀, ó sé ọrùn rẹ̀ kù díẹ̀, ó fi ìka hàn mí. Ó ní bí irin ẹ̀yìn yẹn ò bá wọlé tán, òun ni òòlù ìbọn máa bá, kò ní dé ìdí ọta. "Bàbá rẹ ì bá fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní yìn."

Wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ayé mi, ẹ̀bi tí mo gbé ni pé mo ba ìbọn bàbá mi jẹ́, pé ká ní ọ̀tá gidi ló jáde sí wa, èmi ni mo ì bá pa gbogbo ilé wa. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú mi báyìí tún yàtọ̀. Ìbọn náà ò lè yìn. Ṣé bàbá mi fà á ni?

Bẹ́ẹ̀ ni Délé pè láti Ìjẹ̀bú. Òun ni alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú òtútù. Ìjọ fẹ́ fín òkúta ìrántí fún Bàbá. Ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ ni pé: Ó na ìbọn, àánú ṣe é. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó fojú rí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa kí wọ́n lè kà á lọ́jọ́ náà."

Mo ní màá kọ ọ́. N ò lè kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bẹ Mista Alan pé kó jẹ́ kí n gbọ́ ìró ìbọn náà, kó gbé òòlù rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì tún fà á pẹ̀lú ọrùn tí kò sé tán. Ó ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tó ti dàgbà, bàbá bàbá òun ò ní gbà. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Mo kọjú sí fèrèsé. Yìnyín wà lórí gbogbo òrùlé òkúta títí dé òkè. N ò rí ọwọ́ rẹ̀, bí n ò ti rí ti bàbá mi.

Mo gbọ́ ìró méjì kéékèèké tó tẹ̀ léra. Ó ní, "Ìyẹn ni kí èèyàn kàn gbé òòlù sẹ́yìn láti fi dẹ́rù bani."

Ọkàn mi ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ìyẹn. Kì í ṣe òun.

Ó wá fà á. Mo gbọ́ ọ. Ó kúrú. Irin kan irin. Inú igbó ni mo tún wà, èjìká bàbá mi ni mò ń wò.

Mista Alan ní, "Èwo ni?"

Mo ní, "Èyí tó kẹ́yìn. Bàbá mi fà á." Mo sunkún níbẹ̀, mo di fèrèsé mú. Mo gbọ́ tó ń fi aṣọ nu ìbọn náà, ó ń nu ún, ó ń nu ún.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Epo rẹ ló gba ọmọkùnrin yẹn là."

Mo ní, "Ó gba bàbá mi náà."

Mo pe Délé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ó bínú.

"Ta ló ní kí ẹ máa tú u wò? Gbogbo ìjọ ló mọ ìtàn yìí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́."

"Lẹ́ẹ̀mejì ló sọ ọ́, Délé. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀ ló ń wò."

"Mo wà níbẹ̀ náà!"

"O wà lẹ́yìn ìyá wa, ò ń sùn. Má bínú, gbọ́ mi. Ó rí epo yẹn lára ìbọn. Ó mọ̀ pé èmi ni. Kò lù mí, kò sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ, ìgò epo ló ń fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kó tán. Ìwọ ńkọ́, ṣé ó fún ọ ní ìgò epo rí?"

Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ń kùn.

Ó ní, "Rárá." Fóònù sì já.

Kò pè mí fún oṣù méjì. Mo pè, kò gbé e. Mo bínú sí ara mi, mo bínú sí ojú mi tí kì í gbélé. Bàbá wa ti jẹ́ èèyàn àánú fún gbogbo ọdún tó lò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá délé rẹ̀ kì í kúrò láìjẹun, mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi. Ṣé ó yẹ kí n lọ hú èyí jáde? Mista Alan ní kí n fi sílẹ̀, pé òróró tó bá pọ̀ jù ń ba nǹkan jẹ́. Ó kú kí òtútù tó parí. Bísí ló bá mi kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbọn náà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin báyìí, mo ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nu ún.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló lọ sílé fún ìsinmi, tó padà dé. Ó kan ìlẹ̀kùn mi ní Moss Side lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ilé, Mummy. Ẹnì kan ní kí n kó nǹkan fún yín, from Ìjẹ̀bú. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ní airport o, mo bẹ̀ wọ́n." Ó fún mi ní fọ́tò kan. Òkúta ìrántí bàbá mi ni. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tó kú. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ àánú yẹn síbẹ̀.

Ó wá tú ọ̀rá dúdú mẹ́ta tí wọ́n fi wé nǹkan kejì. Ìgò epo pupa ni. Délé ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: Àṣàkẹ́, má jẹ́ kó tán.

Délé kì í pè mí ní Àṣàkẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo jókòó tì í. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dì.